Charles Abrams: Ẹni Tí Ó Wá Òrùlé fún Ilé Mẹ̀kúnnù

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Kánò jáde kúrò ní ìlú Sáríà, kò ní pẹ́ kí ó tó dé Dogarawa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Sábọ̀n Gàrí, Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí níbikíbi tí ìlú ńlá bá ti ń fẹ̀ lọ sínú oko, kì í ṣe ilé tí a ti kọ́ parí nìkan ni ojú ń rí ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ògiri ń bẹ tí ó ti dúró fún ọdún mélòó kan láìní páànù lórí. Ojú fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, koríko ti hù nínú yàrá, òjò sì ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ti ra ilẹ̀, ó ti mọ bíríkì, ó ti san owó bíríkìlà. Ìdí òrùlé ni agbára rẹ̀ pin sí.

Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Òkè Ọya. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti ń san owó ilé láti ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá kan tàbí méjì, nítorí pé gbogbo ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọmọ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, wọn kò sì fẹ́ kí ọjọ́ àbọ̀ dé kí wọ́n má ní ibi tí wọn yóò wọ̀ sí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá padà sílé fún ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì, ògiri tí kò ní òrùlé ni ó tún máa ń pàdé wọn níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ ayálégbé ní ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì tí ì di onílé ní ibi tí a bí wọn sí.

Ní ọdún 1954, ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wádìí ohun tí ó fà á tí ẹni tí ó lè mọ ògiri kò fi lè parí ilé. Ìdáhùn tí wọ́n rí di ètò kan tí àwọn onímọ̀ nípa ilé gbígbé ṣì ń mẹ́nu kàn títí di òní olónìí. Orúkọ ọkùnrin náà ni Charles Abrams. Kì í ṣe kọ́lékọ́lé, kì í sì í ṣe olówó banki. Agbẹjọ́rò ni, ọmọ àtìpó sì ni pẹ̀lú.

Ọmọ àtìpó ní Brooklyn

Ọdún 1902 ni a bí Charles Abrams ní ìlú Wilno, tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà, ṣùgbọ́n tí ó ti di Vilnius, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Lithuania, lónìí. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, ayé kò sì rọrùn fún àwọn Júù ní abẹ́ ìjọba yẹn. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ìlú New York ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ní àdúgbò Williamsburg ní Brooklyn, níbi tí àwọn àtìpó láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ ti fún ara wọn pọ̀ nínú ilé alájà púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí dáadáa.

Baba rẹ̀ ń ta ẹja àti ẹ̀fọ́ tí a fi omi iyọ̀ pamọ́ ní ẹ̀bá títì. Èrè irú òwò bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ọmọ náà ti kékeré mọ ohun tí a ń pè ní iṣẹ́. Ó tan àtùpà ojú pópó fún owó táṣẹ́rẹ́, ó sì jẹ́ ońṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ wáyà. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní ilé-ẹ̀kọ́ amòfin ti Brooklyn. Ọdún 1923 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Iṣẹ́ náà gbè é. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé àtijọ́ ní àdúgbò Greenwich Village ní New York, tí ó ń tún wọn ṣe, tí ó sì ń rí èrè níbẹ̀. Ní ọdún 1928 ó fẹ́ Ruth Davidson, ayàwòrán, wọ́n sì bí ọmọbìnrin méjì. Bí a bá wò ó dáadáa, ipa méjèèjì ni ó ti tọ̀ kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún: ó mọ ìyà ayálégbé láti kékeré, ó sì mọ ìṣirò onílé nígbà tí ó dàgbà. Ìmọ̀ méjèèjì yìí ni ó wúlò fún un nígbà tí ìjọba ké sí i.

Ẹjọ́ tí ó la ọ̀nà

Láti ìparí ọdún 1929 ni ọ̀dá owó ńlá ti bá Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ ń ti ìlẹ̀kùn, a ń lé ẹni tí kò rí owó ilé san síta, àwọn ilé jẹgẹjẹgẹ ní àárín New York sì ń burú sí i. Nígbà tí Fiorello La Guardia gorí oyè olórí ìlú náà ní ọdún 1934, Abrams wà lára àwọn tí ó bá ìjọba ṣe òfin tí ó fún ìlú ní àṣẹ láti dá àjọ ilé gbígbé sílẹ̀. Nígbà tí a dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà, òun ni ó jẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì wà ní ipò náà títí di ọdún 1937.

Kò sí ibi tí a óò kọ́ ilé sí àfi kí a gba ilẹ̀ àwọn ilé tí ó ti di ẹgẹrẹmìtì. Onílé kan kọ̀, ó ní ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun ìní òun kí ó fi kọ́ ilé fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé òfin gba ìjọba láàyè láti gba ilẹ̀, kí ó sì san owó rẹ̀, bí ó bá jẹ́ fún ọ̀nà tàbí afárá tí gbogbo ènìyàn yóò lò. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ilé ẹjọ́ ni bóyá ilé tí mẹ̀kúnnù yóò gbé jẹ́ ànfààní gbogbo ìlú bákan náà. Abrams àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ fi yé àwọn adájọ́ pé àrùn tí ó ti inú yàrá ẹlẹ́gbin jáde kì í mọ ẹnu ọ̀nà olówó yàtọ̀ sí ti tálákà, nítorí náà ilé rere fún mẹ̀kúnnù jẹ́ ire fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1936 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dá wọn láre. Ṣáájú ìdájọ́ náà, ní ìparí ọdún 1935, a ti ṣí ilé àkọ́kọ́ tí àjọ náà kọ́, èyí tí a sọ ní First Houses. Láti ìgbà náà ni àwọn ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà ti ń fi ìdájọ́ yìí ṣe àwòkọ́ṣe.

Ilé tí a kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé

Ṣùgbọ́n Abrams kò pẹ́ rí i pé agbára tí òun fi òfin wá fún ìjọba lè di ohun ìnilára. Ìlú New York gba ilẹ̀ gbòòrò lọ́wọ́ àwọn onílé, ó sì fi lé ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ńlá kan lọ́wọ́ láti kọ́ ọgbà ilé tí a sọ ní Stuyvesant Town. Ìjọba tún dín owó orí kù fún ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí ilé parí tán, ilé iṣẹ́ náà kò gba ènìyàn dúdú kankan sí i. Abrams wà lára àwọn agbẹjọ́rò tí ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù fún àwọn ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1949 wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà.

Pípàdánù yìí kò mú kí ó káwọ́ gbera. Ó kọ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1955 tí ó fi ṣàlàyé bí a ti ń fi òfin, ìwé àdéhùn àti owó banki dí ọ̀nà mọ́ àwọn Júù, àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn àtìpó láti má ṣe rí ilé rà tàbí yá ní àdúgbò tí ó bá wù wọ́n. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó di alága ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ New York gbé kalẹ̀ láti gbógun ti ẹ̀tanú. Nígbà tí ó di ọdún 1961, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ilé gbígbé láìsí ìyàsọ́tọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1962, Ààrẹ John Kennedy fọwọ́ sí àṣẹ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ nínú ilé tí ìjọba àpapọ̀ bá fi owó ràn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn tí ó ti ń béèrè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé kíkọ́ ilé nìkan kò tó. Ẹni tí a kọ́ ilé náà fún àti ọ̀nà tí yóò gbà dé inú rẹ̀ ṣe pàtàkì bí ògiri fúnra rẹ̀. Èrò yìí ni ó bá a dé ilẹ̀ Áfríkà.

Ohun tí ó rí ní Gold Coast

Ní ọdún 1954, ìjọba Gold Coast, tí Kwame Nkrumah jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fún ìmọ̀ràn lórí ilé gbígbé. Owó kòkó ń wọlé, Àkírà àti Kùmásí ń kún fọ́fọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì rí ilé gbé. Ènìyàn mẹ́ta ni Àjọ náà rán. Àkọ́kọ́ ni Abrams. Èkejì ni Otto Koenigsberger, ayàwòrán-ilé ọmọ Jámánì tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní ilẹ̀ Íńdíà. Ẹ̀kẹta ni Vladimir Bodiansky, ẹnjiníà tí a bí lábẹ́ ìjọba ọba Rọ́ṣíà ṣùgbọ́n tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá ìjọba lẹ́nu àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ òkèèrè kan tí ó fẹ́ máa fi ẹ̀rọ ṣe ògiri kọnkéré, kí a kàn máa tò ó pọ̀ di ilé. Ìpolówó rẹ̀ dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àlejò mẹ́ta náà ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n rí i pé iye tí irú ilé kan yóò náni ju agbára lébìrà tàbí àgbẹ̀ lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ni ilé tí àwọn ará ìlú ń fi erùpẹ̀ ilẹ̀ wọn kọ́ kò náni ju díẹ̀ lọ nínú iye náà. Wọ́n gba ìjọba níyànjú pé kí ó jáwọ́ nínú àdéhùn náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí àwọn ìlú kéékèèké àti abúlé láti wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kọ́lé. Ohun tí wọ́n rí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn bàbá ńlá wa ń ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìdílé tàbí baálẹ̀ ni ó ń fún ènìyàn ní ilẹ̀, kò sì sí owó gọbọi níbẹ̀. Erùpẹ̀ wà nílẹ̀ọ́lẹ̀, omi wà ní odò. Ọmọ, àbúrò, àna àti ọ̀rẹ́ yóò péjọ, wọn yóò po amọ̀, wọn yóò sì mọ ògiri ní ìpele ìpele títí yóò fi dé ibi tí ó yẹ. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò gba ju oúnjẹ àti ẹmu lọ.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá yí padà ni òkè ògiri. Ewé àti koríko tí a fi ń bo ilé láyé àtijọ́ kì í pẹ́ jẹrà, iná a sì máa ràn án kíákíá, nítorí náà páànù ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Òkè òkun ni páànù ti ń wá, owó ọwọ́ sì ni ọlọ́jà ń gbà. Pákó, ìṣó, àgbékọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, owó ni gbogbo wọn. Banki kò lè yá àgbẹ̀ lówó, nítorí ilẹ̀ ẹbí ni ó kọ́lé sí, a kì í sì í fi ilẹ̀ ẹbí dúró owó. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni ọ̀dọ̀ sọ̀gúndogójì. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù èlé, a máa ra páànù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ọdún yóò fi gorí ọdún. Kí páànù tó pé, òjò yóò ti wó apá kan ògiri lulẹ̀, yóò sì di pé kí ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí ilé mẹ̀kúnnù kò fi parí nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó nílò ìrànlọ́wọ́, apá kan ṣoṣo tí a kò lè fi ọwọ́ àti òógùn ṣe ni. Bí ìjọba bá fi owó ilé kọnkéré kan wá páànù, yóò bo ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti mọ ògiri tiwọn sílẹ̀.

Bí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́

Ètò tí Abrams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá lábàá ni a mọ̀ sí ètò ẹ̀yáwó òrùlé, ìjọba Gold Coast sì ti tẹ́wọ́ gbà á kí ilẹ̀ náà tó gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957. Àwọn ará abúlé tí ó fẹ́ kọ́lé yóò kọ́kọ́ kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ ìkọ́lé. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò dá owó díẹ̀ sílẹ̀ láti fi hàn pé òun kò wá ṣeré. Yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ògiri rẹ̀ dé òkè. Ìgbà tí ògiri bá dúró tán ni ẹgbẹ́ yóò tó gba ẹ̀yáwó fún un, kì í sì í ṣe fún ohun mìíràn bí kò ṣe òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Yóò máa san án padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan, owó tí ó bá sì san ni a óò tún fi bo ilé ẹlòmíràn.

Ohun tí ó gbé ètò náà ró ni pé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó dúró fún ẹni tí ó yáwó. Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti san, òun kọ́ ni a óò wò, ẹgbẹ́ ni. Ní abúlé tí gbogbo ènìyàn ti mọ baba ara wọn, kò rọrùn fún ènìyàn láti jẹ gbèsè kí ó sì máa rìn fàlàlà lójú pópó. Ìtìjú ṣe iṣẹ́ tí ìwé àdéhùn banki kò lè ṣe. Abrams, ẹni tí òfin jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò tijú láti gbà pé okùn ẹbí àti ti ìlú lè lágbára ju ti kóòtù lọ.

Kò yẹ kí irú ètò báyìí ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá. Àjọ àti èsúsú ti wà kí òyìnbó tó dé. Ọ̀wẹ̀ ni a fi ń kọ́ ilé àna, àáró ni a fi ń ro oko. Ohun tí Gold Coast ṣe ni pé ó so àáró mọ́ èsúsú, ìjọba sì wá fi owó kún un láìbéèrè èrè. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú, nítorí pé ẹni tí ó yáwó gbọ́dọ̀ san án. Kì í sì í ṣe òwò, nítorí pé kò sí ẹni tí ń jẹ èrè lórí ẹnì kejì.

Ibi tí ètò náà kò dé

Ètò náà ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí ó sì ní ará ni ó lè jàǹfààní rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Àkírà, tí kò ní baálẹ̀ tí yóò fún un nílẹ̀ tí kò sì ní àna tí yóò bá a po amọ̀, ètò náà kò lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, Abrams àti àwọn tí èrò wọn bá tirẹ̀ mu ń dábàá pé kí ìjọba pèsè ilẹ̀ tí òfin dá mọ̀, kí ó kọ́ yàrá kan tí ó ní òrùlé síbẹ̀, kí onílé sì máa fi yàrá mìíràn kún un bí agbára rẹ̀ bá ti ń gbé e.

Gánà fi irú èrò yìí dánwò nígbà tí ìdídò Akosombo fẹ́ bo ìlú àti abúlé mọ́lẹ̀. Nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni ìjọba kó lọ sí ìlú tuntun 52, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì gba yàrá kan tí ó parí pẹ̀lú ààyè láti fi òmíràn kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò lè fi nǹkan kan kún un fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé oko tí a fún wọn kò tó èyí tí omi gbà. Ilé kì í dá dúró láìsí iṣẹ́ tí yóò máa bọ́ ẹni tí ń gbé inú rẹ̀.

Láti Ankara dé Èkó

Láti ìgbà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọdún tí Abrams kò gbé àpótí rẹ̀. Ní ọdún 1954 kan náà ni ó lọ sí ilẹ̀ Tọ́kì. Ó rí i pé àwọn onímọ̀ tí yóò ṣètò ìlú kò tó, ó sì gba ìjọba níyànjú pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ dípò kí wọ́n máa ké sí àlejò. Nínú ìmọ̀ràn yìí ni yunifásítì ńlá kan ti jáde ní Ankara ní ọdún 1956. Ó tún ṣiṣẹ́ ní Pakistan, Philippines, Bolivia àti Singapore.

Ní ọdún 1962 ó dé orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pẹ̀lú Koenigsberger àti àwọn onímọ̀ mìíràn láti wo ọ̀ràn Èkó. Láti ọdún 1955 ni ìjọba ti ń wó ilé àwọn ará àárín Èkó, tí ó sì ń kó ọ̀pọ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn sí ọjà, owó ọkọ̀ pọ̀, àwọn oníṣòwò kéékèèké pàdánù oníbàárà, àwọn ẹbí tí ń gbé agbo ilé kan sì fọ́n ká. Ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní ọdún 1964, ó sì fi hàn pé a kò lè tún Èkó ṣe ní abala kan kí a fi abala kejì sílẹ̀. Ìlú náà ti kọjá ààlà olú-ìlú àpapọ̀ wọ inú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣètò pọ̀.

Ọdún 1964 kan náà ni ìwé rẹ̀ tí a mọ̀ jù lọ jáde, lórí bí ọmọ ènìyàn ti ń tiraka fún ibùgbé ní àwọn ìlú tí ń dàgbà. Nínú rẹ̀ ni ó ti tako wíwó ilé jẹgẹjẹgẹ mẹ̀kúnnù láìjẹ́ pé a pèsè òmíràn fún wọn. Ó fi yé ayé pé ẹni tí ó bá ní ìdánilójú pé a kò ní lé òun lórí ilẹ̀ ni yóò máa tún ilé rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kò ní kan ìṣó kan mọ́ ògiri.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Gánà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba ilẹ̀ náà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọjọ́ ayé wọn níbẹ̀, di ẹrù wọn wọ ọkọ̀. Òrùlé dára, ṣùgbọ́n bí kò bá sí òfin tí ó dáàbò bo ẹni tí ń gbé abẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán lè ṣí i lọ.

Abrams kò pẹ́ láyé lẹ́yìn èyí. Ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia ní New York, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn tí yóò ṣètò ìlú lọ́jọ́ iwájú. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1970 ni ó jáde láyé ní ọmọ ọdún 67. Ìwé tí ó ń kọ lọ́wọ́ lórí èdè àti ọ̀rọ̀ ìlú jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1971.

Ẹ̀kọ́ tí ó kù sílẹ̀

Láti ìgbà náà, ìjọba Nàìjíríà ti gbìyànjú ọ̀nà púpọ̀. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Alàgbà Shehu Shagari kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú ní ìpínlẹ̀ gbogbo. Òfin ọdún 1992 dá àpò owó ilé gbígbé sílẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń dá ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ pamọ́ kí ó lè yá owó ilé lọ́jọ́ iwájú. Ohun rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n télọ̀, mẹ́káníìkì, aláta àti oníṣòwò kékeré tí kò ní ìwé owó oṣù kì í tètè rí ọwọ́ wọn mú nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ògiri wọn dúró láìní òrùlé.

Fún irú àwọn wọ̀nyí ni ìtàn Abrams ṣe wúlò jù. Kò sí ìlú ní Òkè Ọya tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí tí wọn kò ní ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí àjọ. Ọ̀pọ̀ àjọ bẹ́ẹ̀ ni à ń kó fún ìsìnkú, ìgbéyàwó àti aṣọ ẹbí. Ẹgbẹ́ ogún ènìyàn tí ó bá mọ ara wọn dénú, tí ó gbà láti dúró fún ara wọn, tí ó sì pinnu pé ilé kan tí ògiri rẹ̀ ti dúró ni àwọn yóò máa bò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ti ní ohun tí ẹgbẹ́ ìkọ́lé Gold Coast ní, yálà Dogarawa ni ilé náà wà tàbí Ọ̀fà. Kí wọ́n kàn kọ́kọ́ rí i dájú pé ìwé ilẹ̀ náà mọ́, nítorí láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé ni ó ń sọ̀rọ̀ fún onílé nígbà tí ẹnu bá kùnà.

Ọkùnrin tí baba rẹ̀ ta ẹja ní ẹ̀bá títì kò fìgbà kankan gbà pé mẹ̀kúnnù kò lè kọ́lé. Ó rí ògiri tí wọ́n ti mọ, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti lọ jìnnà. Páànù ni ó kù, ogún ọwọ́ sì lè gbé e.